Oògùn tí ò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì: ohun tójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ń rí, àti èyí tí dókítà ò ráyè sọ

Nínú gbogbo oògùn tí wọ́n ń kọ fún èèyàn l'Ékòó yìí, mi ò rò pé èyí táwọn èèyàn máa ń tètè pa tì bí oògùn tí ò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì wà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège, tí dókítà ń pè ní AF. Kì í ṣe pé oògùn náà burú o. Ohun tó ń fà á ni pé téèyàn bá lò ó, kò ní mọ nǹkan kan lára. Tórí bá ń fọ́ yín, ẹ lo Panadol, orí á fúyẹ́. Tí BP bá ga, ẹ lo oògùn, wọ́n tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ti wálẹ̀, inú yín á dùn. Eléyìí ńkọ́? Ẹ lo tòní, ẹ lo tọ̀la, oṣù kan kọjá, àyà ṣì ń já bó ṣe ń já tẹ́lẹ̀, owó ń lọ, ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí eyín tẹ́ ẹ bá rún pákò láàárọ̀. Ta ni ò ní sọ pé oògùn yìí fẹ́ pa òun?

Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Ojúẹlẹ́gba, torí náà ẹjọ́ yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn tó bá dúró síwájú káńtà.

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Tára bá le, tòkè á kọ́kọ́ fún ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tìsàlẹ̀ á wá tì í lọ sára, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ létòlétò tọ̀sántòru. Tó bá ti di AF, tòkè ò fún ẹ̀jẹ̀ mọ́, ńṣe ló kàn ń gbọ̀n rìrì, tìsàlẹ̀ náà á wá máa lù bó ṣe bá a, ó sáré díẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún sáré. Àwọn kan á máa gbọ́ ọ láyà wọn, àwọn mìíràn ò ní mọ nǹkan kan rárá, ọjọ́ tí wọ́n lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, torí nǹkan mìíràn ni wọ́n á bá a níbẹ̀.

Àmọ́ àyà tó ń já yẹn kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ oògùn yìí o. Lára yàrá òkè lápá òsì, àpò kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ gọ́tà àdúgbò wa, bí omi bá ń ṣàn, ó ń gbé gbogbo ìdọ̀tí lọ, ìgbà tó bá dúró ló ń di ẹrẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dúró sínú àpò yẹn nìyẹn tí yàrá òkè ò bá fún un dáadáa mọ́, tó bá sì dúró pẹ́, á dì. Èyí tó dì yẹn lè já lọ́jọ́ kan, kó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ, kó lọ dí iṣan kan pa. Rọparọsẹ̀ dé nìyẹn. Ẹni tó ní AF, ewu rọparọsẹ̀ tiẹ̀ tó bí ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí ò ní, èyí tí AF bá sì fà máa ń le ju àwọn tó kù lọ.

Iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe ò ju kó dá àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lọ́wọ́ kọ́. Kì í sọ ẹ̀jẹ̀ domi, kì í dín ẹ̀jẹ̀ kù lára, kì í sì í tún ìlù ọkàn ṣe. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń kọ oògùn mìíràn mọ́ ọn, bíi bisoprolol tàbí digoxin, kí ọkàn lè rọra lù. Tó bá wá ń rẹ̀ yín látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, tí gígun àtẹ̀gùn di ìjàkadì, ẹ má tètè di ẹ̀bi ru oògùn tí ò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tó ń mú ọkàn falẹ̀ yẹn ló wà nídìí ẹ̀, dókítà sì lè dín in kù.

"Àmọ́ kò sóhun tó ń ṣe mí." Mo gbọ́. Dókítà ò kàn ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé, máàkì ló ń kà. Ẹni ọdún 65 sí 74 gba máàkì kan, ẹni ọdún 75 sókè gba méjì, BP gíga máàkì kan, àtọ̀gbẹ máàkì kan, ọkàn tí ò lágbára mọ́ máàkì kan, iṣan tó ti dí lọ́kàn tàbí lẹ́sẹ̀ máàkì kan, ẹni tó bá ti ní rọparọsẹ̀ rí gba méjì. Wọ́n máa ń fi ọ̀kan kún un fún obìnrin, àmọ́ ìlànà tàwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2024 ti yọ ìyẹn. Tó bá ti pé méjì, oògùn ti kàn yín. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n á bá yín sọ ọ́. Mummy ẹni ọdún 68 tó ní BP, tó ṣì ń jó lówàmbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, méjì ti pé lọ́wọ́ tiwọn nìyẹn. AF tó ń wá tó ń lọ náà ò yàtọ̀ o, pé ECG tòní mọ́ ò ní kẹ́ ẹ gbé oògùn sílẹ̀.

Mama kan tó ń ta léèsì ní Balógun wọlé wá bá wa lọ́jọ́ kan, wọ́n mú páálí oògùn lọ́wọ́ kan, wọ́n mú bébà inú ẹ̀ lọ́wọ́ kejì, bébà gígùn tí wọ́n máa ń ká wẹ́wẹ́ yẹn. Ọmọ wọn ló kà á fún wọn lálẹ́ àná. Wọn ò tiẹ̀ jókòó.

"Dókítà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó lè fa ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Ṣé mò ń sá fún rọparọsẹ̀ ni àbí mò ń sáré lọ pàdé ẹ̀?"

Mo ní, "Mummy, ẹ jókòó ná, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lò ó?"

"Mi ò tíì fi kan ẹnu! Ọjọ́ kẹrin rèé."

Kí n má purọ́, ìbéèrè gidi ni wọ́n bi mí, ó sì dùn mí pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn nílé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí wọ́n máa lò ó lọ ni. Òótọ́ ni pé gbogbo oògùn yìí ló lè mú èèyàn ṣẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń lò ó, àwọn tuntun inú wọn, bí apixaban, sì ti dín in kù sí bí ìdajì ti warfarin, èyí tó ti wà látijọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ń fà, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i, èèyàn á padà sídìí ọjà ẹ̀. Apá tó bá ti rọ ńkọ́, ẹnu tó bá ti wọ́, ta ló máa tún un ṣe? Warfarin nìkan, tí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, ń gba bí ẹni méjì nínú ẹni mẹ́ta tí ì bá ní rọparọsẹ̀ torí AF sílẹ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n ní kí n bu omi fáwọn. Ìdí káńtà níbẹ̀ ni wọ́n ti lo àkọ́kọ́.

Ẹ̀rù kejì, oògùn eku. Ẹnìkan á ti lọ wo Google, á ní warfarin, oògùn eku ni. Irọ́ kọ́. Àwọn màlúù kan ní Amẹ́ríkà ló jẹ koríko tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀ kú, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ ní Wisconsin ti tọpa ẹ̀, wọ́n fi pa eku láti 1948, nígbà tó di 1954 wọ́n fọwọ́ sí i fún èèyàn. Iye tí wọ́n lò ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Àwọn tó ń lo apixaban, rivaroxaban tàbí dabigatran ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ eku yẹn, oògùn mìíràn pátápátá nìyẹn, láti 2010 wá síhìn-ín ni wọ́n ń fọwọ́ sí wọn fún AF.

Ó yá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ni ẹ máa rí? Ìdí eyín á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi orín líle ha eyín, ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Tí bíléèdì bá gé yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń fá irùngbọ̀n, á pẹ́ díẹ̀ kó tó dá, ẹ fi òwú mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má máa ṣí i wò níṣẹ̀ẹ́jú ìṣẹ́jú. Ẹ lè rí ibi tó wú tàbí tó dúdú lápá tàbí nítan tẹ́ ẹ ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ gbá a, lára àwa adúláwọ̀ kì í tètè hàn, ẹ máa fọwọ́ kàn án, tó bá ń tóbi sí i lẹ wá sáré. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin lè pọ̀ sí i, ẹ má fi ojú tì sọ fún dókítà, wọ́n lè pààrọ̀ oògùn. Àwọn mìíràn á ní òtútù ń mú àwọn. Mò ń gbọ́ ọ gan-an, kò sì sí ẹ̀rí pé oògùn ló fà á, àmọ́ ó dáa kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí tẹ́jẹ̀ bá ti ń kéré lára, òtútù náà lè máa mú èèyàn.

Imú ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá wọn jù. Bàbá kan pè mí látinú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland, go-slow ti mú wọn, imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ba aṣọ funfun, gbogbo ọkọ̀ sì ti di dókítà, ẹnìkan ní kí wọ́n gbójú sókè, ẹnìkan ń wá omi tútù, ìyá kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Mo ní, "Bàbá, ẹ má gbójú sókè, ẹ tẹríba síwájú díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjì fún ibi tó rọ̀ nímú yẹn pọ̀, ẹ máa fi ẹnu mí, ẹ má tú u sílẹ̀ títí ìṣẹ́jú 10 sí 15 á fi pé." Kí bọ́ọ̀sì wọn tó yọ sí Adékúnlé, ó ti dá. Téèyàn bá gbójú sókè, ọ̀nà ọ̀fun lẹ̀jẹ̀ ń gbà, á wá dà bíi pé ó ti dá. Tí kò bá dá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fún un bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nípa èwo ló dáa jù nínú oògùn yìí, àwọn tuntun ló rọrùn. Kò sí pé à ń yẹ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì wò ní gbogbo ìgbà, oúnjẹ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó le, láàárín wákàtí mélòó kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Apixaban, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ jẹun ẹ ò jẹun. Rivaroxaban, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, àmọ́ ti AF gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ wọlé, torí tínú bá ṣófo, ara ò ní gba gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń gbààwẹ̀ Rámádàn lè bá dókítà sọ ọ́ kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ìṣínu. Dabigatran, ẹ̀ẹ̀mejì, ó máa ń ta àwọn kan níkùn, ẹ mu omi dáadáa sí i, ẹ má tú kápúsù ẹ̀ da sínú ẹ̀kọ, ẹ má sì kó o kúrò nínú ìgò tàbí páálí ẹ̀, ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́, ẹ sì mọ bí Èkó ṣe rí. Gbogbo wọn ló gba kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un wò lóòrèkóòrè.

Àmọ́ o, àwọn kan wà tó jẹ́ pé warfarin nìkan ló tọ́ sí wọn. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sínú ọkàn ẹ̀, àti ẹni tí ilẹ̀kùn ọkàn ẹ̀ lápá òsì ti há gan-an, èyí tí àìsàn ọ̀fun tó ń dunni nígbà èwe máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbí. Ìwádìí INVICTUS tó jáde ní 2022 gbé rivaroxaban sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn irú warfarin fún àwọn tí àìsàn ọ̀fun ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́ yìí, ti warfarin ló dáa jù. Torí náà tí ọmọ yín ní London bá fi apixaban ránṣẹ́, tó ní warfarin ti di ayé àtijọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà.

Warfarin ò tètè ṣiṣẹ́, á tó bí ọjọ́ márùn-ún. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní INR, tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, fún AF wọ́n máa ń fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3. Tó bá kéré sí 2, ẹ̀jẹ̀ lè dì, tó bá ju 3 lọ, ewu kí èèyàn ṣẹ̀jẹ̀ ń ga. Lóṣù àkọ́kọ́ wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ yín léraléra, wọ́n á fi kún oògùn, wọ́n á yọ, á sú yín, kò túmọ̀ sí pé dókítà ò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ugu, gbogbo ewé tútù yìí ló ní fítámì K, òun sì ni warfarin ń bá jà. Àwọn èèyàn á wá gbọ́ ọ sí pé wọ́n ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó sáà má jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí ẹ̀fọ́ rírò lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata nìkan.

Ibi tó ń ká mi lára gan-an nìyí. Lẹ́yìn oògùn dókítà, ọmọ Èkó ṣì máa lo tiẹ̀. Ara ń ro ó, á gba Alabukun. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé aspirin ló wà nínú Alabukun? Aspirin àti kaféènì. Ẹ fi ìyẹn lé oògùn tí ò jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, inú lè máa ṣẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ibuprofen, Cataflam àti diclofenac tó kù, piroxicam, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tára bá ń ro yín, paracetamol ni, kó má kọjá ìwọ̀n. Àwọn mìíràn tiẹ̀ á dá oògùn tó wọ́n dúró, wọ́n á fi aspirin rọ́pò ẹ̀ torí pé náírà díẹ̀ ni, wọ́n á ní òun náà ń mú kẹ́jẹ̀ ṣàn. Wọ́n ti fi aspirin wé apixaban nínú ìwádìí AVERROES ní 2011, rọparọsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo apixaban ò tó ìdajì tàwọn tó lo aspirin, iye àwọn tó ṣẹ̀jẹ̀ gidi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ló wá kù tí aspirin ń ṣe níbẹ̀?

Ikùn á ru, á lo Flagyl, bẹ́ẹ̀ Flagyl àti Septrin máa ń ti INR àwọn tó ń lo warfarin sókè fíofío. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, paraga, ayù tí wọ́n gún bí ẹni ń gún èlùbọ́, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìgò kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹni tó ń ta á gan-an ò lè sọ, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́míìsì àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò, torí ẹ̀jẹ̀ lè jọ sínú ẹran ìdí. Oògùn ikọ́ fée, rifampicin, máa ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú oògùn yìí má ṣiṣẹ́ tó. Blood tonic ńkọ́? Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tí oògùn ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn á fi tonic dá a padà. Kò dín in kù, mo ti sọ ọ́ lókè. Irin tó wà nínú tonic á tún sọ ìgbẹ́ yín di dúdú, ìgbẹ́ dúdú sì wà lára àmì tá a fi ń mọ̀ pé inú ń ṣẹ̀jẹ̀, báwo lẹ ṣe máa wá mọ èwo lèwo?

Owó. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, apixaban wọ́n, àwọn kan sì ti ń pín in, wọ́n á lo tàárọ̀, wọ́n á fi talẹ́ pamọ́ kó lè dópin oṣù. Oògùn yìí kì í pẹ́ lára, ní bí wákàtí méjìlá ìdajì ẹ̀ ti lọ, ẹni tó bá fo talẹ́, òru ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tówó ò bá gbé e, ẹ lọ sọ fún dókítà, ẹ má tijú. Lójú tèmi, warfarin tẹ́ ẹ lò pé, tẹ́ ẹ sì ń lọ ṣe INR yín déédéé, dáa ju apixaban tẹ́ ẹ̀ ń lò láàbọ̀ lọ. Ẹ má sì torí owó lọ máa ra á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ nínú ọjà, ẹ rántí pé NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní February 2025 torí ayédèrú oògùn àtàwọn tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé apixaban, ẹ lò ó ní kété tẹ́ ẹ bá rántí lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ má lo méjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ eyín tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, àwọn ló máa sọ bóyá kẹ́ ẹ dá a dúró àti fún ìgbà wo, ẹ má dá a ṣe. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún, kó lọ rí dókítà kó tó lóyún, torí warfarin lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, àwọn tuntun náà ò sì bá oyún mu.

Èyí tí ò gba ká máa pe kẹ́míìsì: ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ pupa, orí fífọ́ òjijì tó le tẹ́ ẹ ò ní irú ẹ̀ rí. Tẹ́ ẹ bá ṣubú lórí ọ̀kadà tàbí tẹ́ ẹ forí gbá ilẹ̀kùn dánfó gidi, ẹ lọ kí wọ́n yẹ orí yín wò, kódà tára bá le, torí ẹ̀jẹ̀ inú orí lè máa jò díẹ̀díẹ̀. Ẹnu tó wọ́, apá tí ò gbé sókè, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, ẹ má dúró pe pásítọ̀, ilé ìwòsàn ńlá tààrà, torí abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sọ́pọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń gún un. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa fẹ́ mọ̀ ni orúkọ oògùn yín àti aago tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn, torí ìyẹn ló máa sọ bóyá wọ́n lè gún un. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti iye tẹ́ ẹ̀ ń lò sórí bébà kékeré, ẹ fi sẹ́yìn fóònù nínú péúsì ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi han ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé.